Imú tí Ó Gbẹ, tí Ó sì Wú: Ọ̀rọ̀ Ìgò Kékeré Abẹ́ Ìrọ̀rí

Ìgbà náà tún ti dé tí ètè ń là, tí gìgísẹ̀ ń sán, tí aṣọ tí a sá ní òwúrọ̀ ti ń gbẹ kí a tó fọ abọ́ tán. Ìpara ni gbogbo wa ń sáré sí. A ó fi ra ọmọ lára, a ó fi ra ètè rẹ̀, a ó fi ra ẹsẹ̀ tiwa náà. Ṣùgbọ́n imú, tí í ṣe ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ yìí ń gbà wọlé tọ̀sán tòru, kò sí ẹni tí ó ń rántí rẹ̀ àfi ìgbà tí ó bá dí, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà níbẹ̀.

Lẹ́tà kan ni ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ oṣù yìí. Ìyàwó ilé kan tí ó bí ọmọ méjì ni ó kọ ọ́ sí mi. Èyí àbúrò kò tíì pé ọdún kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ìlú rẹ̀, nítorí ó bẹ̀ mí pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní láti ìgbà ọyẹ́ èṣí ni imú òun ti ń gbẹ bí ewé ẹ̀kọ tí a sá sóòrùn. Èépá a máa dì sínú rẹ̀, bí òun bá sì fi ìka yọ ọ́, ẹ̀jẹ̀ a tẹ̀ lé e. Nígbà tí ó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí wú, ihò méjèèjì dí pátápátá. Ni wọ́n bá ta ìgò kékeré kan fún un ní ilé ìtajà oògùn, èyí tí a ń kán sí imú. Ó ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí òun tó ka ení èjì, imú òun ti là, òun sì sùn bí ọmọ tuntun.

Ó ti di oṣù kẹsàn-án báyìí tí ìgò náà ti ń bá a sùn lábẹ́ ìrọ̀rí. Bí ó bá tán lóru, ojú rẹ̀ kò ní fi ara kan oorun mọ́. Nínú owó ọbẹ̀ ni ó ti ń ra òmíràn, ọkọ rẹ̀ kò sì mọ̀. Ọkọ náà ti kó lọ sùn sí pálọ̀ nítorí ìhanrun, ìyá ọkọ sì ti sọ pé ọ̀rọ̀ náà ju ojú lásán lọ. Gbogbo ìyẹn ni mo kà tí mo ń mi orí. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà ní ìparí lẹ́tà náà tí ó mú mi dìde jókòó: ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wọ ilé ìdáná pẹ̀lú ìṣáná lọ́wọ́, ó fẹ́ dá iná sí sitóòfù gáàsì, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà sì kígbe láti ẹnu ọ̀nà pé, "Màmá mi, nǹkan ń rùn o!" Gáàsì ti ń jò. Ilé ti kún fún un. Òun tí ó dúró ti sitóòfù kò gbọ́ òórùn kankan.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àwọn tí ń ṣe gáàsì ìdáná mọ̀ọ́mọ̀ ń fi èròjà tí ó ń rùn sínú rẹ̀ ni, nítorí pé gáàsì náà fúnra rẹ̀ kò ní òórùn tí a lè fi mọ̀ pé ó ń jò. Imú ìyá ilé ni aago ìkìlọ̀ ilé ìdáná. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ imú jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí imú ti rí nínú. Awọ ibẹ̀ kò dà bí awọ ara. Ó fẹ́lẹ́, ó rọ̀, omi kan tí ó ń yọ̀ bí omi ilá sì bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn irun wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí ń gbá omi yìí lọ sẹ́yìn sí ọ̀nà ọ̀fun díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń gbálẹ̀. Eruku àti kòkòrò àìsàn tí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, a ó gbé e mì láìmọ̀, inú ikùn ni yóò sì parí sí. Lábẹ́ awọ náà ni iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí. Ẹran rírọ̀ kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan tí ó lè kún fún ẹ̀jẹ̀ kí ó wú, tí ó sì tún lè sọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú afẹ́fẹ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ó sì fi omi sí i kí ó tó dé ẹ̀dọ̀fóró. Kódà nínú ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ihò méjèèjì kì í sábà là dọ́gba: ọ̀kan yóò wú díẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, èkejì yóò là, lẹ́yìn náà wọn yóò pààrọ̀. Ẹ fi ìka dí ọ̀kan wò nísinsìnyí, ẹ ó rí òótọ́ ọ̀rọ̀ mi.

Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, láti nǹkan bí òpin oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta. Kò ní omi nínú, eruku kúnná sì ni ẹrù rẹ̀. Bí ó bá ti gbẹ omi ojú awọ imú, irun wẹ́wẹ́ yẹn kò ní lè gbálẹ̀ mọ́. Ikun yóò nípọn, yóò di èépá. Èépá yóò máa yún ni. A ó fi èékánná yọ ọ́. Awọ yóò bó, yóò ṣẹ̀jẹ̀. Awọ tí ó bó yìí ni yóò wá wú láti dáàbò bo ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí imú kan náà fi lè gbẹ kí ó sì dí pọ̀, ohun tí ó ń ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Kì í sì í ṣe ọyẹ́ nìkan ni ó ń fà á. Èéfín igi ìdáná àti ti kẹrosíìnì, kọ́ìlì tí a ń sun nítorí ẹ̀fọn, aáṣà tí àwọn àgbà ń fín, ẹ̀rọ amúlétutù ní ibi iṣẹ́, àti pọ́dà tí a ń bù sí ọmọ lára títí tí gbogbo yàrá yóò fi funfun (èmi kò rí ìwúlò èyí rí), gbogbo wọn ni ó ń ṣiṣẹ́ kan náà.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ìgò kékeré. Ephedrine, xylometazoline tàbí oxymetazoline ni orúkọ tí ẹ ó bá lára pálí rẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe kò ju pé ó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ inú imú pọ̀, kí ẹran tí ó wú lè sọ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún nígbà tí ọ̀fìnkìn bá le, kò burú fún àgbàlagbà. Bí ó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Nígbàkígbà tí agbára oògùn náà bá tán, iṣan náà yóò wú ju bí ó ti wú tẹ́lẹ̀ lọ, a ó sì tún kán an. Ó di ọ̀rọ̀ ẹni tí ń yá owó èlé láti fi san owó èlé. Láìpẹ́, kì í ṣe ọyẹ́ ni ó ń dí imú mọ́, oògùn náà gan-an ni. Ní ti òórùn tí kò gbọ́ mọ́, afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé òórùn dé òkè imú lọ́hùn-ún níbi tí a ti ń mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀nà bá dí, kò lè dé ibẹ̀.

N kò bá obìnrin yìí wí, nítorí èmi náà ti jìn sí kòtò yìí rí. Ní ọdún tí mo ń kọ ìwé àṣekágbá oyè mi kejì ni, tí mo ń sùn díẹ̀, tí mo ń kàwé púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni mo fi kán an. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ènìyàn bí a ti ń ka ohun tí a kọ sára agolo oúnjẹ kò ka ohun tí a kọ sára ìgò oògùn tèmi.

Bí a ti ń bọ́ nínú rẹ̀ rèé. Ẹ fi oògùn náà sílẹ̀ ní ihò kan ṣoṣo ná, ẹ máa kán an sí èkejì nìkan. Ihò tí ẹ fi sílẹ̀ yóò dí bí ẹni fi amọ̀ dí i. Alẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́ ni ó le jù. Ẹ fi ìrọ̀rí méjì gbé orí sókè, ẹ máa fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, ẹ sì fara dà á. Láàrín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, yóò bẹ̀rẹ̀ sí là fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó bá ti là, ẹ fi oògùn sílẹ̀ ní ihò kejì pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ti lò ó fún ọ̀pọ̀ oṣù bí ti obìnrin yìí, kí ó lọ bá dókítà, nítorí irú oògùn mìíràn wà tí a ń fín sí imú, tí ń mú wíwú sọ̀ díẹ̀díẹ̀ láìfún iṣan pọ̀, dókítà sì lè fi ṣe ọ̀pá ìtìlẹ̀ fún un. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí tí ó lóyún, kí ó má ṣe fọwọ́ kan ìgò kékeré náà rárá láìbéèrè.

Mo dárúkọ oyún. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni imú wọn ń dí nínú oyún láìsí ọ̀fìnkìn, láìsí ibà. Oyún gan-an ni ó fà á, yóò sì lọ láàrín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìbímọ. Omi iyọ̀ àti ìrọ̀rí gíga ti tó o.

Omi iyọ̀ náà kò le ṣe. Àwọn ìyá wa tí wọ́n lọ sí ilé ìtọ́jú abiyamọ ní àwọn ọdún 1980 yóò rántí omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n kọ́ wọn láti fi ìgò bíà wọ̀n fún ọmọ tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ìgò kan náà ni kí ẹ mú, èyí tí ó gba sẹ̀ǹtílítà 60. Ẹ se omi títí yóò fi hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, ẹ bò ó kí ó tutù, ẹ rọ ọ́ kún ìgò tí ẹ ti fi omi gbígbóná fọ̀, ẹ wá fi ṣíbí tíì kan iyọ̀ sí i, kí ojú ṣíbí náà tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ó má ga. Kò sí ṣúgà nínú tiwa yìí. Bí ó bá ta yín nímú, iyọ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ tẹ̀ síwájú lórí agbada ìfọwọ́, ẹ dorí kọ ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ya ẹnu, ẹ sì fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ rọ ọ́ wọ ihò òkè díẹ̀díẹ̀. Ihò kejì ni yóò ti jáde. Ẹ má ṣe fi agbára fun imú lẹ́yìn náà, kí omi má baà gba ọ̀nà etí lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ tó.

Ẹ má ṣe fi omi ẹ̀rọ, omi kànga tàbí omi inú àmù ṣe é láìsè. Ní ọdún 2011, ènìyàn méjì kú ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí wọ́n fi omi ẹ̀rọ tí wọn kò sè fọ imú. Kòkòrò kan tí ojú lásán kò rí, tí ń jẹ́ Naegleria fowleri, ni ó gba imú wọn dé ọpọlọ. Bí a bá mu ún nínú omi, kì í ṣe ni ní nǹkan. Ọ̀nà imú ni ewu rẹ̀ wà. Irú ikú bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n omi sísè kò náni ní nǹkan kan ju iná lọ.

Lẹ́yìn tí a bá ti fọ imú, kí ni a ó fi rà á? Òrí ni mo fara mọ́. Inú mi sì dùn láti sọ fún yín pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyá àgbà lásán ni. Ní ọdún 1979, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Tella gbé iṣẹ́ ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ oògùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó fi òrí wé oògùn ìkánmú ilé ìtajà lára àwọn ènìyàn tí imú wọn dí, òrí sì ṣe dáadáa ju oògùn náà lọ. Ìwádìí kékeré ni o, ẹ má ṣe torí rẹ̀ sọ òrí di oògùn gbogbo àìsàn. Ìwọ̀n orí ìṣáná kan ti tó, ní ẹnu ihò imú nìkan, kí ó má jìnnà, kí ó má sì jẹ́ ìgbà tí a ó dùbúlẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà. Òróró tí a bá rọ sínú imú lóòrùlóòru lè ṣàn dé ẹ̀dọ̀fóró, kò sì ní jáde níbẹ̀. Láti ọdún 1925 ni dókítà kan tí ń jẹ́ Laughlen ti kọ̀wé nípa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí irú òróró ìkánmú bẹ́ẹ̀ ń fà. Nítorí èyí ni kò fi yẹ kí a rọ àdín, òróró tàbí ohunkóhun tí ó lọ́ràá sí imú ọmọ ọwọ́ láéláé, ẹni yòówù tí ó bá ní kí a ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí jù. Ọmọ tuntun kò tíì mọ bí a ti ń fi ẹnu mí dáadáa. Bí imú rẹ̀ bá dí, yóò gbá ọmú mú, yóò fà á lẹ́ẹ̀mejì, yóò jù ú sílẹ̀, yóò figbe ta. Àwọn kan yóò sọ pé wàrà ìyá rẹ̀ ni kò dára. Kì í ṣe wàrà, imú ni. Ẹ kán omi iyọ̀ ẹyọ kan tàbí méjì sí ihò kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó tó mu ọmú, kí ẹ sì fi rọ́bà kékeré tí a fi ń fa ikun fà á jẹ́jẹ́. Mo mọ̀ pé ẹnu ni àwọn ìyá wa fi ń fà á, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n kòkòrò tí ó wà ní ẹnu àgbà pọ̀, imú ọmọ kò sì tíì gbó tó láti gbà á.

Ìpara onímẹ́ńtọ́ọ̀lù ńkọ́, èyí tí ó ń ta ni lójú? Kì í tilẹ̀ í la imú. Ó ń jẹ́ kí imú rò pé òun là ni, nítorí títutù rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ra ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì. Àwọn ọmọ kan sì wà, wọ́n pọ̀ ní ilẹ̀ wa, pàápàá láàrín ọmọkùnrin, tí èròjà kan tí a ń pè ní G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. A kì í fi ojú mọ̀ wọ́n. Ní ọdún 1980, Olowe àti Ransome-Kuti, ẹni tí ó padà di mínísítà ètò ìlera wa ní 1985, kọ̀wé nípa ewu ibà pọ́njú fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ bí mẹ́ńtọ́ọ̀lù bá kàn wọ́n. Káńfọ̀ tí a ń jù sáàárín aṣọ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibà pọ́njú tí ó bá le lè dé ọpọlọ ọmọ: ó lè sọ ọ́ di adití, ó lè mú un rọ, ó lè pa á. Aṣọ ọmọ tuntun kò gbọdọ̀ wà nínú àpótí kan náà pẹ̀lú káńfọ̀. Ẹ wò ó lónìí.

Nípa ẹ̀jẹ̀ imú, ẹ dákun, ẹ má ṣe gbé orí ọmọ sẹ́yìn mọ́. Ọ̀fun ni ẹ̀jẹ̀ yóò ṣàn sí, yóò sì mú un bì. Kí ó jókòó, kí ó tẹ orí síwájú díẹ̀, kí ó máa fi ẹnu mí. Ẹ wá fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá fún ibi tí imú ti rọ̀ pọ̀ fún ìṣẹ́jú 10 gbáko láìtú u wò. Bí kò bá dá lẹ́yìn ìgbà tí ẹ ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ilé ìwòsàn yá.

Ilé ìwòsàn náà yá bí ẹ̀gbẹ́ ìhà ọmọ bá ń wọnú bí ó ti ń mí, tàbí tí kò lè mu ọmú rárá. Bí ó bá jẹ́ ihò kan ṣoṣo ni ó ń dà, tí ó sì ń rùn, ẹ má ṣe fọ̀ ọ́, ẹ má sì kán ohunkóhun sí i. Ó ṣeé ṣe kí hóró ẹ̀wà, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí kànìnkànìn wà níbẹ̀, ẹni tí ó ní irinṣẹ́ ni yóò yọ ọ́.

Mo dá obìnrin náà lóhùn ní kíákíá, n kò dúró de ìwé ìròyìn yìí. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ sí i ni pé kí ó pe ẹni tí yóò yẹ okùn gáàsì wò, kí ó máa ti orí gáàsì pa lẹ́yìn ìdáná, kí ó sì jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ mọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó tún kọ̀wé. Dókítà ti rí i, ihò ọ̀tún ti là, ti òsì ń bọ̀ lọ́nà. Ó ní òun dúró nínú ilé ìdáná lọ́jọ́ Sátidé, òun sì gbọ́ òórùn irú tí ìyá ọkọ òun ń fọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Ó ní òun jókòó, òun sunkún.

Ó béèrè bóyá òun lè po omi iyọ̀ ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Rárá o. Ti ọjọ́ kan ni kí ẹ pò. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ da ìyókù nù, ẹ fọ ìgò, ẹ se òmíràn.